Ìwé bóhóòlù nínú báàgì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́: ọjọ́ méje láti Gánmọ dé Òmù-Àrán

Ọjọ́ kìíní, Mọ́ńdè. Ìlọrin

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó gbé mi dé ọ̀nà kẹ́ ẹ má baà rò pé ìgbafẹ́ ni mo lọ. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi gbẹ́ bóhóòlù méjì fún Alájà kan lẹ́yìn Gánmọ, inú kọ́ńpáùn kan náà, ọ̀kan lọ́jọ́ Túsìdeè, ìkejì lọ́jọ́ Fúráìdè, méjèèjì gbẹ. Àkọ́kọ́ wọlé 60 mítà, ìkejì 72, eruku funfun bíi láfún ló ń tú jáde látòkè délẹ̀, omi tó tó èèyàn kan ṣe àlùwàlá ò jáde. Alájà ní òun ò lè sanwó ihò, ọ̀gá ní dísẹ̀lì tóun sun kì í ṣe ihò, wọ́n ti ń fà á látìgbà yẹn, nígbà tó yá ni wọ́n jọ kọjú sí èmi tí mo máa ń kọ ìwé nídìí ríìgì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò, pé kí ni ilẹ̀ wí gan-an. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ṣí ìwé, ohun tí mo kọ sójú ewé ihò kejì ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: "Gbẹ."

Bẹ́ẹ̀ ilé tó wà nísàlẹ̀ ti Alájà, ó kan fẹ́ǹsì báyìí ni, omi ń dà níbẹ̀ tàárọ̀-talẹ́. Ohun tó ń dun Alájà gan-an nìyẹn, nítorí pé píọ̀ wọ́tà ló fẹ́ máa ṣe.

Ọ̀gá ò bínú, ìyẹn ló burú jù. Ó kàn fa báàgì Gánà-mọ́sìgò kan jáde lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Kó o tó tún kọ 'gbẹ' fún mi, lọ ka ohun tá a ti kọ, lẹ́yìn náà kí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n ẹ lọ wo àwọn kànga náà lójúkojú." Ìwé hádì-kọ́fà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, èyí tó pẹ́ jù jẹ́ ti 2009, àwọn kan epo ẹ́ńjìn ti mu, àwọn kan eku ti jẹ etí wọn.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lẹ́yìn àṣámù, mi ò sùn títí wọ́n fi ń jí wa fún sààrì. Ojú ewé tó dáa jù nínú gbogbo ẹ̀ jẹ́ ti 2011, Àmọ́yọ̀, ẹni tó kọ ọ́ ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Rọ́ọ̀dù ríìgì wa kan, irin gígùn tá à ń tì wọlẹ̀, jẹ́ mítà 3, ó wá ń kọ ohun tó bá jáde ní rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan àti ìṣẹ́jú tó fi wọlẹ̀. Rọ́ọ̀dù 1, yangí, ìṣẹ́jú 5. Rọ́ọ̀dù 2 sí 4, amọ̀ pupa, ìṣẹ́jú 2, 2. Rọ́ọ̀dù 5 sí 7, amọ̀ aláwọ̀ eérú tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀, ó tutù lọ́wọ́. Rọ́ọ̀dù 8, àpáta, ìṣẹ́jú 14. Ìkẹsàn-án 15. Ìkẹwàá 15. Nígbà tó dé rọ́ọ̀dù 11, ìṣẹ́jú 6 péré, ó wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé "ó jábọ́, eruku di ẹrẹ̀, omi dé." Rọ́ọ̀dù 12, ìṣẹ́jú 16.

Ìṣẹ́jú yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tí hámà ti ń jà fún ìṣẹ́jú 15, àpáta gidi nìyẹn, kò sí àyè kankan nínú ẹ̀. Ibi tó ti sáré wọlé lójijì, ibẹ̀ ni àpáta ti la, láàárín 30 sí 33 mítà. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ò rí inú ilẹ̀ o, aago ọwọ́ ẹ̀ ló fi ríran.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí ò sí nínú iṣẹ́ yìí. Láti Ìlọrin títí lọ dé apá Òmù-Àrán, àpáta àtijọ́ ló tẹ́ sábẹ́ gbogbo wa, giranáìtì, nàìsì àtàwọn ìbátan wọn, ọjọ́ orí wọn ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún. Àpáta yẹn fúnra ẹ̀ kì í gbomi sínú. Ibi méjì lomi máa ń rí sá sí: òkè, níbi tí àpáta ti jẹrà di amọ̀ àti yanrìn, àti ìsàlẹ̀, níbi tó bá ti la. Òkè ni táǹkì, ibi tó la ni páìpù. Àwọn èèyàn wa á ní odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, odò kankan ò sí níbẹ̀ jàre. Tó bá jẹ́ ọ̀nà Láfíàgì àti Pàtígì ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, yanrìn tó dì di òkúta ló wà lábẹ́ tiwọn, omi lè rìn káàkiri inú ẹ̀. Tiwa yìí, ilé kan lè ní kí ilé kejì má ní.

Ọjọ́ kejì, Túsìdeè. Gánmọ àti Àmọ́yọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́ríìgì wá gbé mi ní aago méje pẹ̀lú Gọ́ọ̀fù ẹ̀. Ọmọ Ìgbómìnà ni, ó ti ń ti rọ́ọ̀dù wọlẹ̀ kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì, Kìrìsìtẹ́nì sì ni, torí náà kò ṣe ààwẹ̀, gbogbo ọ̀nà ló fi ń jẹ wàrà dídín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní kí n má wo òun. Mo ní kí wọ́n kúkú jẹ ẹ́ tán kí òórùn ẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni àdírẹ́ẹ̀sì. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé nìyí: "Lẹ́yìn ilé Alfa, ẹ̀gbẹ́ igi máńgòrò." A dé ibẹ̀, Alfa ti kú, wọ́n ti gé máńgòrò, ilé ti di mẹ́fà. Ìyá kan tó ń yan ẹ̀pà ló ní ká tẹ̀ lé òun, àṣé inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni bóhóòlù náà wà báyìí, télọ̀ fi pákó bò ó, ó gbé máṣíìnì lé e. Nínú mẹ́rìnlá tó wà lákọsílẹ̀ ní agbègbè yẹn, mẹ́sàn-án la rí. Márùn-ún yòókù, ohun tí ilẹ̀ fi hàn wọ́n nígbà yẹn wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n a ò mọ ilẹ̀ tó fi hàn án, ó wá dà bí ẹni tó gba lẹ́tà tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní látòní lọ, kí n máa fi fóònù mú ibi tá a bá wà kí ríìgì tó gbéra. Mo ní fóònù mọ ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn dáadáa, ṣùgbọ́n gíga ilẹ̀ ni kò mọ̀, ibì kan náà ni mo dúró sí ní ìdájí tó ní 331 mítà, tó tún ní 348.

Bá a ṣe ń wọn omi: tẹ́ẹ̀pù onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ti télọ̀. Mo so irin kékeré mọ́ ẹnu ẹ̀, mo wá fi ṣọ́ọ̀kì búlúù pa mítà méjì àkọ́kọ́ dáadáa. A ti bẹ onílé pé kó má tan pọ́ǹpù láti òru, nítorí tí pọ́ǹpù bá ti fa omi, ibi tómi máa wà kì í ṣe ibi tó ń dúró sí. Mo rọra tì í gba ẹ̀gbẹ́ wáyà pọ́ǹpù wọlé, ó ń lọ, ó ń lọ, mo dì í mú gan-an lórí àmì mítà 10 ní ẹnu kéésìn, páìpù tó ń di ẹ̀gbẹ́ ihò mú, mo fà á padà. Ibi tí omi kàn, ṣọ́ọ̀kì ti ṣú dúdú, ó mọ́ bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó rẹ 1.05. Mo yọ ọ́ nínú 10, ó ku 8.95, kéésìn yọ sókè ilẹ̀ ní 0.30, mo yọ ìyẹn náà: 8.65 ni omi fi jìn sí ojú ilẹ̀. Kò ná wa ní bátìrì kankan. Ohun kan ṣoṣo tó nira níbẹ̀ ni pé èmi tí òǹgbẹ ń gbẹ láti ìdájí ni mo ń tẹ́tí gbọ́ bí irin ṣe ń dún "jọ́lọ́" nínú omi tútù.

Àmọ́yọ̀ 2011 yẹn ni. Ẹ wá wo nǹkan. Tẹ́ ẹ bá bi onílé pé mítà mélòó lomi ẹ̀ wà, á ní "àwọn dírílà ní 33." Tẹ́ ẹ bá bi tẹ́ẹ̀pù, á ní 8.65. Kò sẹ́ni tó purọ́. 33 ni ibi tí wọ́n ti bá omi, 8.65 ni ibi tómi gòkè wá dúró sí, nítorí omi tó wà nínú àpáta tó la yẹn, omi tó wà lókè nínú amọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, gẹ́lẹ́ tí a bá lu ihò kàn án ló máa gòkè. Ìdajì ìwé tó wà nínú báàgì ló da méjèèjì pọ̀, wọ́n á kàn kọ "omi: 33" tàbí "omi: 9" láìsọ èyí tó jẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹni tó bá fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀, òkè àti kòtò tí kò sí níbì kankan láyé ló máa yà.

Nǹkan kejì ni déètì. Ìwé 2011 yẹn ní 4.10 ni omi dúró sí, àwa bá a ní 8.65. Ẹ̀gbọ́n pariwo pé omi ń tán nílẹ̀! Mo ní kí wọ́n wo òkè ojú ewé: oṣù kẹwàá ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwa rèé nínú oṣù kẹta, ọ̀gbẹlẹ̀ ti jẹ omi lóṣù márùn-ún. Bóyá omi ń dínkù lóòótọ́ bóyá kò dínkù, afi ká padà wá wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹwàá ká tó lè lanu. Àwọn ìwé tí kò ní déètì, mo yà wọ́n sọ́tọ̀, ó dùn mí, wọ́n pọ̀.

Ọjọ́ kẹta, Wẹ́sídeè. Ìdòfìàn, Ìgbàjà

Gọ́ọ̀fù Ẹ̀gbọ́n gbóná kọjá àyè lẹ́yìn Ìdòfìàn, a dúró lábẹ́ igi kaṣú fún wákàtí méjì, a tún lọ tọrọ omi sí rédíétọ̀ ní ilé tí à ń lọ wọn omi wọn. Bóhóòlù mẹ́rin péré la ṣe lójúmọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n a rí nǹkan kan ní Ìgbàjà tó ju mẹ́rin lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ìwé bóhóòlù ilé ẹ̀ kọ́ ògiri, nínú férémù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó. Wọ́n tan pọ́ǹpù fún wákàtí mẹ́fà nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n ń wọn bómi ṣe ń lọ sílẹ̀. Omi ń dà ní líta 0.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì bọ́ láti mítà 6 sí 22, mítà 16 nìyẹn. Mo ṣí ìwé wa, a ní òmíràn ní òdìkejì ìlú, 0.8 kan náà, mítà 4 péré ló fi bọ́. Tó bá jẹ́ ọmọọ̀dọ̀ ni wọ́n, iye garawa kan náà ni wọ́n pọn wálé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìkejì ń kọrin. Ẹ pín 0.8 sí 16, ẹ tún pín in sí 4, ẹ ó rí i pé ìkejì lágbára nígbà mẹ́rin. Ẹni tó bá wo bómi ṣe ń dà lẹ́nu páìpù nìkan ò lè mọ èyí láéláé.

Bàbá ò jẹ́ ká ya fọ́tò férémù náà, wọ́n ní ká dà á kọ. A dà á kọ.

Ọjọ́ kẹrin, Tọ́sídeè. Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà

Ọ̀fà la sùn. Ẹ̀gbọ́n mú mi lọ bá bàbá kan tó kọ́ wọn níṣẹ́, dírílà ni bàbá láti ìgbà tí ìjọba ológun ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ káàkiri ìgbèríko nígbà DFRRI, àjọ ìjọba fún oúnjẹ, ọ̀nà àti ìgbèríko, lẹ́yìn 1986. A bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sinmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní "ẹ káàbọ̀, rọ́ọ̀dù ta ló há sínú ihò?" Ìdí tí wọ́n fi béèrè ni pé rọ́ọ̀dù tó há ló máa ń gbé àwọn ọmọ iṣẹ́ wá bá wọn. Wọ́n sọ ìtàn rọ́ọ̀dù kan tó há fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta ní ìlú yẹn gan-an, amọ̀ wó lé e nítorí pé wọn ò tètè fi kéésìn sí i, Ẹ̀gbọ́n ní "ìjàkadì lorò Ọ̀fà," bàbá ní àwọn ni ilẹ̀ dá lọ́jọ́ yẹn o, àwọn àti ríìgì.

Mo wá béèrè ìwé. Wọ́n ní ìwé wà. Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn gbé e wá, fáìlì mẹ́ta, ó wà létòletò, gbogbo ẹ̀ ló lómi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó gbẹ. Mo ní, "Bàbá, àwọn tó gbẹ ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ka àbíkú mọ́ ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di báyìí. Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú báàgì wa náà nìyẹn. Èyí tó lómi, onílé á sanwó, a ó kọ ọ́ dáadáa, a ó fún un ní kọ́pì. Èyí tó gbẹ, ìjà ni, a ó kẹ́rù wa ká tó kọ nǹkan kan. Ẹni tó bá wá kó gbogbo ìwé jọ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá á rò pé gbogbo ilẹ̀ Kwárà lómi ni, bẹ́ẹ̀ ihò tó gbẹ ló lè sọ ibi tí àpáta ti yọ sókè, ibi tí kò sí amọ̀ tó nípọn, ibi tí kò yẹ kéèyàn tún gbé ríìgì dé. Èmi náà jẹ̀bi. Mo ní mítà 72 tí mo dúró tì, mo kọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n ka àbíkú wọ̀nyẹn fún mi. Wọ́n kọ́kọ́ ní àwọn ò rántí. Nígbà tó yá, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá wa ṣínu tán, wọ́n dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀: ẹ̀yìn ọjà kan, "a dé àpáta ní rọ́ọ̀dù kejì, kò yí padà mọ́"; ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan, "dúdú, ó le, ó ń tan iná"; oko kan lọ́nà Erin-Ilé, "amọ̀ funfun lásán, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ, kò jẹ́ kómi kọjá." Mẹ́tàdínlógún! Wọ́n rántí wọn ju àwọn tó lómi lọ. Mo kọ ọ́ títí ìka fi ń ro mí.

Wọ́n tún sọ ohun kan tí mi ò retí lẹ́nu dírílà. Wọ́n ní mítà ni wọ́n fi ń sanwó fún wa, torí náà bó bá gbẹ, ó ń ṣe wá bíi ká máa lọ, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa, tó o bá ti kọjá 60, 70 mítà nínú àpáta tí kò yí padà, ó ṣọ̀wọ́n kó o tó tún bá ibi tó la, ìwúwo òkè ti fún un pa. Jíjìn kọ́ lomi. Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀. Àwọn ló wa ríìgì dé 72.

Mo kà á níbì kan pé òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti 1991 ní ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga omi tó kọjá mítà 15 gbọ́dọ̀ sọ fún BGS, iyẹn àwọn tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ wọn, kó sì fún wọn ní àkọsílẹ̀ ohun tó bá pàdé, àkọsílẹ̀ ihò tó wà lọ́wọ́ wọn ti lé ní mílíọ̀nù kan, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni èèyàn lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa náà ní ìwé ìlànà iṣẹ́ bóhóòlù ní Nàìjíríà láti 2010. Ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì ọ̀gá mi ni tiwa wà, pẹ̀lú eku.

Ọjọ́ karùn-ún, Fúráìdè. Òrò, Èsìẹ́, Òmù-Àrán

Mo kí Jímọ̀ ní Òrò, a sáré wọn kànga mẹ́ta, Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí ìyá wọn ní Òmù-Àrán. Ní Èsìẹ́, a yà wo ẹnu ọ̀nà mùsíọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n ṣí ní 1945, òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn ère òkúta ọ̀hún wà níbẹ̀. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, ó rọ̀ débi pé ọ̀bẹ lè fá a. Ẹ̀gbọ́n ní ká ní irú òkúta yìí ló wà lábẹ́ Alájà, bíìtì wa, irin ẹnu rọ́ọ̀dù, ì bá má jẹ.

Òmù-Àrán ga, ó kọjá 500 mítà sí òkun, Ìlọrin ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 300. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí tábìlì òǹkà mi. Mo ti to gbogbo ìjìnlẹ̀ omi sí ìlà kan, 8.65, 4.3, 13, 6, wọn ò bára wọn mu rárá, kànga méjì tó wà ládùúgbò kan náà, ọ̀kan 4, ìkejì 13. Ìyá Ẹ̀gbọ́n ló tú u fún mi láìmọ̀. Wọ́n ní "ilé wọn wà lórí òkè, tiwa wà ní kòtò, ṣé okùn wa máa wá dọ́gba ni?" Okùn ni mo ń wọ̀n láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò tíì wọn omi.

Ọjọ́ kẹfà, Sátidé. Gánmọ

A yá ọ́ọ̀sì tí àwọn bíríkìlà fi ń gba léfẹ́ẹ̀lì, èyí tó ń fi omi inú ẹ̀ hàn, nítorí fóònù ò lè sọ gíga ilẹ̀ fún mi bí mo ṣe fẹ́ ẹ. Láti bóhóòlù ilé ìsàlẹ̀ dé ihò àkọ́kọ́ Alájà, bíi 40 mítà. Ẹ̀gbọ́n di igi mú lókè, èmi wà nísàlẹ̀, omi inú ọ́ọ̀sì ń jó, a dúró kó sinmi, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, a tún gòkè. Ìgbà mẹ́rin la tẹ̀ ẹ́ kó tó dé. Àwọn ọmọdé ń bi wá pé ilé mélòó la fẹ́ kọ́.

Ilẹ̀ Alájà fi 6.2 mítà ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Mo ní kí ojú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ jẹ́ 100, kọ́rọ̀ lè rọrùn, ti Alájà á wá jẹ́ 106.2. Ìwé bóhóòlù ìsàlẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ọ̀gá ló gbẹ́ ẹ ní 2016: amọ̀ àti àpáta tó ti jẹrà dé mítà 18, kó tó kan àpáta gidi. Omi ẹ̀ lónìí dúró sí 9.4. Ẹ yọ ọ́, omi wà ní 90.6, orí àpáta wà ní 82. Ìyẹn ni pé nínú táǹkì wọn, omi ga tó mítà 8.6.

Ti Alájà ńkọ́? Ojú ewé ihò àkọ́kọ́, mo ṣáà kọ nǹkan díẹ̀ níbẹ̀: rọ́ọ̀dù 1 yangí, rọ́ọ̀dù 2 òkúta tó jẹrà, rọ́ọ̀dù 3 àpáta. Àpáta ní mítà 6, orí àpáta wà ní 100.2.

Mo yà á sórí bébà ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Mo wò ó. Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Tí omi agbègbè yẹn bá wà ní nǹkan bí 90, tí àpáta Alájà sì ti bẹ̀rẹ̀ láti 100, a jẹ́ pé gbogbo amọ̀ Alájà wà lókè omi. Àpáta yọ gẹ̀gẹ̀ sábẹ́ ilé ẹ̀, ojú ilẹ̀ kò fi hàn, òkè táǹkì gbẹ, ìsàlẹ̀ jẹ́ àpáta tí kò la. Tó bá jẹ́ ojú ilẹ̀ nìkan la wò, a ó máa sọ pé ilé méjì tó kan fẹ́ǹsì ni. Ẹ̀gbọ́n ní "àṣé orí àpáta la gbé ríìgì lé." Bẹ́ẹ̀ ni. Orí àpáta la gbé e lé, lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn yòókù tá a kó jọ láti Gánmọ dé Àmọ́yọ̀, mo fi àmì sí wọn lórí bébà kan náà. Àwọn tí amọ̀ wọn nípọn, tí rọ́ọ̀dù wọn sì jábọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tẹ̀ lé ojú odò kékeré kan tó máa ń gbẹ tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Mi ò tíì ní fi búra, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n.

Ọjọ́ keje, Sọ́ńdè. Kọ́ńpáùn Alájà

Ẹ̀gbọ́n lọ ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan ni mo lọ. Ohun kan ló ń dà mí láàmú: kò sẹ́ni tó tíì ṣí ihò méjèèjì látìgbà tá a ti dé e. Alájà jókòó sábẹ́ bárándà, wọ́n ń fi tẹ̀súbáà ka nǹkan, wọ́n ní "ṣé o wá dín gbèsè kù ni?" Mo ní, "Ẹ kú ààwẹ̀, Alájà, mo fẹ́ wo nǹkan ni."

Mo ṣí ihò àkọ́kọ́. Ọjọ́ 12 ti kọjá, òjò ò rọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pa tẹ́ẹ̀pù, mo sọ ọ́ wọlé, kò yẹ kí n gbọ́ nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ. "Jọ́lọ́." Mo fà á wá, mo tún sọ ọ́ padà kó dá mi lójú, ó rẹ níbì kan náà. 16.1 sí ojú ilẹ̀. 106.2, ẹ yọ 16.1: 90.1. Ti ilé ìsàlẹ̀ 90.6. Ìdajì mítà ló fi yà wọ́n.

Alájà ti dìde wá sẹ́yìn mi. "Omi ni?"

"Omi ni, mà."

"Ẹ̀yin lẹ ní kò sí."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo ṣírò ẹ̀ fún wọn sórí ilẹ̀ pẹ̀lú igi. Ihò ínṣì 6, mítà kan nínú ẹ̀ gba bíi líta 18. Omi tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 44, ìyẹn líta 790. Ó gbà á ní ọjọ́ 12 kó tó jọ tó bẹ́ẹ̀. Líta 66 lójúmọ́, kẹ́ẹ̀gì méjì àtààbọ̀, ó lé díẹ̀. Ihò náà ò gbẹ, àpáta ló háwọ́. Omi gbogbo àdúgbò dúró sí ibì kan náà lábẹ́ wa, ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn ó ní ọ̀nà tó lè gbà jáde, níbí kò ní.

Alájà wo ihò, wọ́n wo mi. "Kẹ́ẹ̀gì méjì àtààbọ̀ ò lè ṣe píọ̀ wọ́tà."

"Kò lè ṣe é, mà."

"Ibo ló wá lè ṣe é?"

Mo ti mọ̀ pé wọ́n á béèrè, mo sì ti mọ ìdáhùn láti àná, mi ò kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló ti máa jáde. Igun ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì, ibi tí kọ́ńpáùn ti lọ sílẹ̀ jù, ibẹ̀ nìkan ni amọ̀ ti lè nípọn tó. Mo na ọwọ́ síbẹ̀. Alájà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí pé sọ́káwèè ilé wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé e ní ọdún tó kọjá.

Mo ṣí ìwé sí ojú ewé ihò àkọ́kọ́, "Gbẹ" náà ni mo fi parí ẹ̀, mo fa ìlà sí i. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: àpáta ní mítà 6, kò la títí dé 60, omi 16.1 lẹ́yìn ọjọ́ 12, oṣù kẹta, líta 66 lójúmọ́, sọ́káwèè ní igun ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni mo wá lọ ṣí ihò kejì.